Ọjọ́ Tí Róòmù Ṣubú Lórí Tẹlifóònù

Bí ẹ bá ti ń fura pé kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí Tíṣà Òkìkí, ìfura yín tọ̀nà, kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Pásítọ̀ mọ̀. Sístà Hephzibah tó ń bójú tó ìlà àdúrà mọ̀ ju gbogbo wọn lọ, nítorí òun ló pa ìró ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni Tíṣà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló kàwé jù láàárín wọn.

Bó ṣe rí nìyí. Ìjọ náà ní nọ́ńbà kan tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń pè ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé láti jọ gbàdúrà. Kò gba aṣọ, kò gba ọkọ̀. Ẹni tó bá wù kó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù kó wà nínú mọ́tò níwájú ilé ìkẹ́rùsí ní Union City ní Amẹ́ríkà kó máa dúró de shift, àmín kan náà ni. Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ààbọ̀ wákàtí tó kù di ti Tíṣà Gbádébọ̀ Òkìkí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ “Róòmù: Bó Ṣe Gòkè, Bó Ṣe Wó, àti Ogún Tó Fi Sílẹ̀ fún Wa.”

Bí Tíṣà bá wọlé sórí ìlà ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọmọbìnrin inú ẹ̀rọ a fi Gẹ̀ẹ́sì sọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀ fún un. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, mọ́kànlélógójì. Tíṣà a kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, a fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin náà kì í sọ ni iye àwọn tó kù níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà máa ń ké “pìn” nígbàkígbà tí ẹnì kan bá kúrò. Tíṣà la ẹnu, ó ní, “Ọ̀gọ́sítù Késárì,” pìn. Ó ní, “ọba àkọ́kọ́,” pìn, pìn. Kó tó dé ibi tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà, pìn ti dà bí òjò lórí páànù. Ó dánu dúró.

“Kí ni ń ké bí òròmọdìyẹ yẹn?”

“Nẹ́tíwọ̀kì ni, Daddy,” ni Hephzibah wí, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó tẹ nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pìn kò sì ké mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí, àwọn àgbà ò sì mọ̀ pé tẹlifóònù ń bọ̀.

Tucker ni Tíṣà ń gbé, nínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí yàrá ìfọṣọ tí ayálégbé àti ará ìta jọ ń lò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ wá bá Oyèrónkẹ́ ọmọ wọn tọ́ ọmọ. Ọmọ dàgbà. Oyèrónkẹ́ rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lápá Douglasville, ó kó lọ síbẹ̀. Ìyá kú. Oyèrónkẹ́ ní kí bàbá òun máa bọ̀, bàbá ní òun ò lè fi ilé sílẹ̀. Ilé wo? Tábìlì kan, àga méjì, kẹ́tùlù oníná kan, àpótí ìwé méje. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga kejì mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e. Bó bá ń po tíì, ó ṣì máa ń bu omi tó tó ago méjì sínú kẹ́tùlù, a mu ọ̀kan, a da ọ̀kan nù.

Kó tó di ẹni tó ń dá tíì mu, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé gírámà kan ní Ìlá ni, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi Látìn bọ́ ọmọ àgbẹ̀. Tíṣà a to àwọn ọmọ sínú oòrùn, wọ́n á máa ké e: amo, amas, amat, títí adẹ́mu tó ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá fi mọ̀ ọ́n lórí, tó sì ń fi í gun ọ̀pẹ. Kò sí ọmọ kankan tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyẹn ò dun Tíṣà. “Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lórí,” ló máa ń wí. “Ìtumọ̀ á bá yín lójú ọ̀nà.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàbá àgbà báyìí, wọn ò tíì pàdé ìtumọ̀ náà.

Ọmọ tó bá sì sọ Yorùbá nínú ọgbà, Tíṣà ní pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń fi kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n kọ sí pé òpè lẹni tó gbé e kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fá igi rẹ̀. Ó ní Yorùbá dára, kò burú, ṣùgbọ́n kó máa dúró de èèyàn lẹ́nu géètì.

Nítorí náà, ìtìjú ńlá ló kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí Pásítọ̀ sọ fún un pé, “Daddy, ìlà Yorùbá nìkan ló ṣí sílẹ̀. Àwọn ará English ti gba tiwọn.” Ṣé kí wọ́n wá máa sọ Róòmù bí ẹni ń sọ ìtàn Ìjàpá? Ṣùgbọ́n ebi ọ̀rọ̀ ń pa á, ó gbà. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, a jókòó kọjú sí àga kejì, a máa dán an wò. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ Róòmù a wọ inú Yorùbá bí ẹni wọ bàtà tó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń wẹ̀ níta gbangba, ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́, omi tí wọ́n fà láti orí òkè wá sílé, gbogbo rẹ̀ ló rí orúkọ. Òun tó ti fi ogójì ọdún kọ́ni ní Róòmù, ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dà bíi pé ó dé ibẹ̀.

Ó kọ káàdì kan pàápàá, Yorùbá látòkè délẹ̀, àmì ohùn pé ṣánṣán lórí rẹ̀, nọ́ńbà ìlà náà nísàlẹ̀, ó fi píìnì gún un mọ́ pátákó inú yàrá ìfọṣọ. Oyèrónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí. “Daddy, ta ló fẹ́ kà á ní Tucker níbí? Àwọn Mexican?” Lọ́jọ́ kejì, káàdì ti pòórá. Tíṣà gbà pé ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe ló já a, kò sì kí i fún oṣù kan.

Ẹ̀kọ́ náà dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. “Ẹ yọ dọ́là kan lápò yín,” a ní, “ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀. Látìn. Oṣù July tẹ́ ẹ ń bínú sí ooru rẹ̀, orúkọ alágbára Róòmù kan ni. August, òmíràn ni. Àwọn òpó funfun tó wà níwájú báǹkì, níwájú kóòtù, níwájú ilé dókítà tó ń gbé lẹ́bàá yín, ṣé òpó yẹn ló gbé òrùlé dúró? Kò gbé nǹkan kan. Róòmù ló ń kí yín. Ìlú náà kú, ará ilé rẹ̀ ò mọ̀ pé àwọn ń wọṣọ ọ̀fọ̀.” A sì dánu dúró níbẹ̀, kí àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lè ráyè kẹ́nu pọ̀.

Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ náà. Róòmù kọ̀, kò ṣubú. Nínú ìwé, ojú ewé mélòó kan ni wọ́n fi ń wó o. Lọ́wọ́ Tíṣà, ọdún méjì àti oṣù méje kọjá, ògiri ṣì dúró. Bí ọ̀tá bá ti dé ẹnu bodè, Tíṣà a rántí pé òun ò tíì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Bí Àtílà, ọ̀gágun ọ̀tá, bá gun ẹṣin dé tòsí, a ní ká padà sẹ́yìn díẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó sì yé ni. Ọjọ́ tí Róòmù bá ṣubú, kí ni yóò sọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e? Láti ọjọ́ Àìkú dé Jímọ́ọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó ń bi í ní ìbéèrè ni ọmọbìnrin ilé ìtajà oògùn, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló sì máa ń béèrè.

Nínú oṣù October, Hephzibah pè é.

“Daddy, ẹ káàsán, sà. Ṣé ara le?”

“Ara le, ọmọ mi. Àwọn Fáńdà ti wọ ọkọ̀ ojú omi.”

“Ta ni, sà?”

“Àwọn Fáńdà. Wọ́n ń bọ̀ wá kó Róòmù lẹ́rù.”

“Ha. Jésù á ṣàkóso.” Ó mí kanlẹ̀. “Daddy, committee pàdé lánàá. Sístà Túnmiṣe, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ máa lo time yẹn fún ọ̀rọ̀ high blood pressure. Wọ́n ní àwọn èèyàn wa ń ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́.”

“Róòmù náà ń ṣubú.”

“Mo mọ̀, sà. Ó ti ń ṣubú látìgbà tí mo ti lóyún Ìbùkúnolúwa. Ìbùkúnolúwa ti ń lọ sí daycare báyìí.”

 Kẹ́tùlù ń hó lẹ́yìn Tíṣà, kò dìde sí i.

“Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ní kí n sọ fún yín,” ni Hephzibah yára fi kún un, “pé tẹ́ ẹ bá lè mú ẹnì kan wá, ẹnì kan péré, sà, tó máa jẹ́rìí lórí line nípa ohun tó kọ́, kẹ́ ẹ máa bá a lọ dé gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Títí ìparí oṣù November, sà.”

“Ẹnì kan? Nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n?”

 “Ẹnì kan, sà.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ní kó fi igbá bu omi nínú ọ̀sà.

Díákónì Adébọ̀wálé tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ni Tíṣà kọ́kọ́ pè, nítorí òun ló máa ń ṣe àmín tó ga jù.

“Daddy! Daddy wa! Èmi kẹ̀? I never miss. Gbogbo Sátidé, sà.”

“Ibo ló wú ọ lórí jù?”

“Háà. Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ ibi… ibi tí òkun yẹn ti pín sí méjì. Powerful.”

“Mósè nìyẹn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Òun náà ò gba Róòmù kọjá, sà?”

Ó pe ẹni márùn-ún mìíràn. Gbogbo wọn ló yìn ín. Ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ náà gba ìgbéyàwó òun là. Bí Tíṣà bá ti bi wọ́n nípa ọba kan péré, nẹ́tíwọ̀kì a bàjẹ́, a ṣe kọ́ńkọ́ńkọ́, a já. Nígbà tí Oyèrónkẹ́ pè lọ́jọ́ Àìkú, ó dọ́gbọ́n bi òun náà.

“Daddy, ẹ mọ̀ pé mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé. Recording ni mo máa ń fẹ́ gbọ́.”

“Kò sí recording.”

“Ha. Mo máa wá bá yín ṣètò ẹ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun.”

Kò tíì jẹun.

Tíṣà wá rò ó pé ẹ̀bi òun ni. Ta ló máa jẹ́rìí sí ìtàn tí kò parí? Ó pinnu pé Róòmù á ṣubú ní Sátidé kejì oṣù November, a sì ṣubú dáadáa. Lọ́jọ́ náà, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù, ó de táì, nítorí tẹlifóònù. Ọmọbìnrin inú ẹ̀rọ ní èèyàn méjìdínlógójì ló wà lórí ìlà. Bí wọ́n ti ṣàmín, Tíṣà bẹ̀rẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kò tíì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó sọ bí owó ìlú ṣe di ayédèrú, bí àwọn ọ̀gágun ṣe ń pa ọba bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, bí àwọn ọlọ́rọ̀ ṣe ń jó nínú ilé nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ odi ti lọ wá iṣẹ́ míì ṣe. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọba ìkẹyìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Ó di ọdún irínwó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ọmọdé lọba náà. Rómúlù lorúkọ rẹ̀. Adé tóbi jù ú lórí. Nígbà tí wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò pa á. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n ní kó máa lọ sí ilé kan létí òkun, kó máa jẹ, kó máa mu. Láti ọjọ́ náà, a ò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.” Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n mu tíì díẹ̀.”

Ó mu tíì. Ó ní, “Ẹ̀yin ará mi, Róòmù ti ṣubú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, kó sọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ nísàlẹ̀ tó ń yí. Ó dúró títí aago fi lu mẹ́sàn-án, ó sì pa fóònù. “Wọ́n ń sunkún,” ló wí fún àga kejì.

Ọjọ́ Ajé ló pe Hephzibah, ó ní kó bá òun wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó bá òun mọ àwọn tó gbọ́ ìṣubú náà, kí òun lè mú ọ̀kan níbẹ̀. Hephzibah ní àwọn orúkọ ò sí níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni, àti wákàtí tí kálukú wọlé, àti wákàtí tó jáde. Tíṣà ní ìyẹn náà tó. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ nǹkan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn Hephzibah yàtọ̀, bí ẹni tó rí ohun tí òun náà ò retí.

“Daddy. Ẹnì kan wà níbí o.”

“Ẹnì kan?”

“Nọ́ńbà kan, sà. Ó dúró dé aago mẹ́sàn-án géérégé. Ẹ jẹ́ n wo tọ̀sẹ̀ tó kọjá… ó wà níbẹ̀. Ti September… ó wà níbẹ̀. Daddy, ó ti ju ọdún méjì lọ. Kò fo ọjọ́ kan.”

Tíṣà la ẹnu láti béèrè àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín rẹ̀, ó gbé e mì. Ó wo ìwé pẹlẹbẹ tó wà lórí tábìlì, gbogbo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, gbogbo mọ́kànlélógójì, gbogbo ìlà tó fi rúlà fà. Ó rọra pa á dé.

“Fún mi ní nọ́ńbà náà,” ló wí.

Nígbà tó pè, ó gbọ́ ohùn obìnrin.

“Hello?”

“Ẹ káàsán o. Èmi ni Gbádébọ̀ Òkìkí, olùkọ́ Róòmù.”

Obìnrin náà pariwo bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. “Bàbá! Ẹ káàsán, Bàbá! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú làálàá!”

Ohùn rẹ̀ gún régé. Ojú Tíṣà rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pariwo nítorí pé òun ló ń pè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn kì í fi àyè sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó gbádùn ẹ̀kọ́ náà. “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ó bi í bóyá ó máa jẹ́rìí ní Sátidé. “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ó ní òun fúnra òun á wá sílé rẹ̀, kí wọ́n jọ jókòó ti fóònù kan náà, kó má baà já. “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sórí fóònù òun, àdírẹ́sì náà sì dé kíákíá. Tucker ni, kò ju máìlì méjì lọ. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn lórí, gbogbo àmì kékeré nísàlẹ̀. Tíṣà wò ó títí. Nínú gbogbo Yorùbá tó mọ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sí ọ̀kan tó ń ráyè fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ọ̀mọ̀wé ni obìnrin yìí á jẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ tó ń kọrin. Ó kí ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe. Ó jókòó kọ ẹ̀kọ́ fún ọdún tó ń bọ̀, “Róòmù ti Ìlà Oòrùn,” tí kò ṣubú fún ẹgbẹ̀rún ọdún mìíràn, ó sì ṣírò rẹ̀ pé bí òun bá rọra sọ ọ́, á bá òun dé ilẹ̀.

Ní Sátidé, awakọ̀ Uber gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé kékeré kan nígbà tí aago mẹ́jọ ti kọjá. Ó wọ kóòtù ọjọ́ ìṣubú. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ti lé ní àádọ́ta ọdún, aṣọ funfun ló wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yẹ́lò wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sì wà lára ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni. Kí ẹnu tó ráyè ya Tíṣà, obìnrin náà ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Ọmọ Oyèrónkẹ́ kò kúnlẹ̀ báyẹn kí i rí. Tíṣà fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n obìnrin náà fi ìka lé ètè, ó tọ́ka sí tábìlì ilé ìdáná. Fóònù ti wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ohùn fóònù ti jáde síta, àdúrà sì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n jókòó láìsọ̀rọ̀. Tíṣà wo yíká. Ní kọ̀rọ̀, aṣọ yẹ́lò kan wà lórí tábìlì kékeré, àwo idẹ kan, ìgò oyin kan, abẹ̀bẹ̀ kan. Ó mọ ohun tó rí. Ó ti fẹ́ wúkọ́, ó wá rántí pé àwọn ará Róòmù pàápàá bọ òrìṣà tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gba Jésù, ta ni òun tó ń kánjú? Lẹ́yìn náà ló rí ara ilẹ̀kùn fíríìjì. Káàdì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó gún mọ́ pátákó yàrá ìfọṣọ. Àmì ihò píìnì ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi ike dídán bò ó.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé ago méjì wá. Ó bu tíì sínú méjèèjì. Tíṣà di ago tirẹ̀ mú, ó ń wo ìkejì.

Nígbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Hephzibah ní, “Ẹ má lọ o, ẹ̀yin ará. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ Daddy Òkìkí kan fẹ́ jẹ́rìí.” Wọ́n sì dúró lóòótọ́, nítorí ìjẹ́rìí dùn-ún gbọ́ ju Róòmù lọ. Tíṣà mi orí sí obìnrin náà. Ó na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni tó ń fúnni ní àyè nínú àwùjọ.

“Ó yá, ọmọ mi. Róòmù.”

Obìnrin náà jókòó gan-an. Ó dijú.

“Ó di ọdún irínwó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa,” ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ó fà díẹ̀ níbi tí ohùn Tíṣà máa ń fà. “Ọmọdé lọba náà. Rómúlù lorúkọ rẹ̀. Adé tóbi jù ú lórí. Nígbà tí wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò pa á. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n ní kó máa lọ sí ilé kan létí òkun, kó máa jẹ, kó máa mu. Láti ọjọ́ náà, a ò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.” Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n mu tíì díẹ̀.”

Orí ìlà dàrú. “Halelúyà!” “Ẹ gbọ́ ohùn!” “Ta ni Màámi yìí? Ará Ìlá ni o!” Díákónì Adébọ̀wálé ṣe àmín mẹ́ta. Omi ti dé ojú Tíṣà, kò nù ún. Gbólóhùn kan ò yẹ̀. Àmì ohùn kan ò ṣubú. Ní gbogbo ogójì ọdún rẹ̀ ní Ìlá, kò sí ọmọ kan tó mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí báyìí. Nínú ọkàn rẹ̀, Róòmù ti Ìlà Oòrùn ti ń kọ́ odi rẹ̀.

“Aunty, ẹ ṣé gan-an ni o!” Ohùn Hephzibah ń gbọ̀n fún ayọ̀, ayọ̀ ẹni tí wọ́n dárí irọ́ kékeré kan jì. “Committee ti gbọ́, ó ti parí. Ìbéèrè kan péré, Aunty, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jàǹfààní: kí ló wá mú Róòmù ṣubú?”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi wo Tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

“Dá wọn lóhùn, ọmọ mi,” ni Tíṣà sọ wẹ́lẹ́.

Obìnrin náà ronú. Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, nítorí èyí kì í ṣe ohun tó gbọ́ lẹ́nu Tíṣà rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ fóònù, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn olùkọ́ ará Ìlá, àmì kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀:

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò gbọ́ Yorùbá.”